Alùpùpù Eléré-Ìje fún Ará Ìjọra: Ẹwà Tàbí Ìwúlò?

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ohun ìrìnnà: ojú ọ̀nà ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra alùpùpù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ gbé alùpùpù eléré-ìje oní-ẹ́ńjìnnì kékeré yẹ̀ wò, irú èyí tí wọ́n fi ike bò láti iwájú dé ìdí, tí ẹni tí ó gùn ún sì máa ń tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Yamaha R15, Honda CBR250R, Kawasaki Ninja 250R àti Bajaj Pulsar RS200 wà nínú ìdílé yìí. Ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá ó lè sáré. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: ẹni tí ó ń gbé Ìjọra, tí ó fẹ́ máa fi alùpùpù lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé lójoojúmọ́, ǹjẹ́ owó èésú rẹ̀ kò ní ṣòfò lórí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. R15 tí wọ́n gbé jáde ní Íńdíà ní 2018 jẹ́ 155cc; Bajaj Boxer 150 tí gbogbo wa mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Síbẹ̀, agbára R15 ju ti Boxer lọ dáadáa. Níbo ni àfikún náà ti wá? Láti inú yíyí ni. Ẹ́ńjìnnì R15 gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn; ti Boxer kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tírélà tí ń lọ sí èbúté Àpápá, ta ni yóò rí àyè yí ẹ́ńjìnnì tó bẹ́ẹ̀? Níbi tí a ti ń fi jíà kìíní àti ìkejì rìn, agbára tí ó máa ń tètè jí ni ó wúlò fún ni.

Ike tí wọ́n fi bò ó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti la afẹ́fẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ni sẹ́yìn a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń bá afẹ́fẹ́ jà ní ìlọ́po 16 ti ẹni tí ó ń sá 20. Nítorí náà, ike ń ṣiṣẹ́ gidi ní ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ abẹ́ afárá Ìjọra, afẹ́fẹ́ wo ni ó fẹ́ là? Bí ọkọ̀ náà bá sì ṣubú sínú kòtò, ike ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Mẹkáníìkì kan ní Bàdíà sọ fún mi pé títú ike náà máa ń pẹ́ ju iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá lọ.

Ìjókòó rẹ̀ náà tó yẹ̀ wò. Àga R15 yìí ga tó 815 mìlímítà sí ilẹ̀; ẹni kúkúrú yóò máa fi orí ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú àgbàrá tí kò mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jìn tó. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yí púpọ̀, nítorí náà kò rọrùn láti fi yà láàárín ọkọ̀ méjì. Ibi ẹrù kò sí rárá.

Síbẹ̀, kí a sọ òótọ́, ó ní ìwà rere tirẹ̀. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ ni ó ní bíréèkì aláwo níwájú àti lẹ́yìn, omi ni ó sì ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára.

Òfin ńkọ́? Òfin Ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ojú pópó 475, ṣùgbọ́n ó yọ alùpùpù ìfiránṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 200cc sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Àpápá, tí Ìjọra wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wá wo RS200: orúkọ rẹ̀ ń pe 200, ṣùgbọ́n 199.5cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí láti fi iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ dá owó rẹ̀ padà, kí ó ka ìwé ọkọ̀, kí ó má ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ike.

Èrò mi nìyí. Ẹni tí ó ń dá gùn ún gba Afárá Èkó ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó kún, tí ó sì ní mẹkáníìkì tí ó mọ rédíétọ̀, lè wá CBR250R tàbí Ninja 250R. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé aya, ọmọ tàbí ẹrù nínú kòtò Ìjọra, kí ó ra alùpùpù tí a ń jókòó ṣánṣán lé lórí, kí ó sì fi owó tí ó kù ra àṣíborí gidi, kí ó má ṣe bí àwọn tí ó de igbá lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó mú òfin àṣíborí le. Ìwà ni ẹwà. Ti alùpùpù náà kò yàtọ̀.