Ọ̀rọ̀-Ìperí Yorùbá fún Ìwé Ìtọ́nisọ́nà Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ ZX81

1. Ìfáàrà

Ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ìwé ìtàn. Ẹni tí ó ń ka ìtàn lè fo ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e, kí ìtàn náà sì yé e síbẹ̀. Ẹni tí ó ń ti inú ìwé kọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ṣe. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì í lọ́nà, ẹ̀rọ lè ṣe òdìkejì ohun tí ó ní lọ́kàn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà kọ́ni wò, ó sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá ti lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tàbí kí ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

2. Ẹ̀rọ náà àti iyè rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Sinclair Research, tí ó wà ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ZX81 jáde ní oṣù kẹta ọdún 1981. £69.95 ni iye rẹ̀ bí a bá rà á ní títò, £49.95 ni ẹni tí ó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tò ó ń san. Steven Vickers ni ó kọ ìwé tí ó bá a wá. Bọ́tìnì 40 ni ó wà lójú ẹ̀rọ náà. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni a ń so ó mọ́, kò sì ní bọ́tìnì tí a fi ń tan iná rẹ̀: bí okùn iná bá ti wọlé, ẹ̀rọ ti jí.

Oríṣi iyè méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Èkíní ni iyè àdámọ́, èyí tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti kọ ìmọ̀ èdè BASIC sí, tí kì í sì í parẹ́. Èkejì ni iyè ojú-iṣẹ́, níbi tí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ń gbé. Àyè 1,024 péré ni ó wà nínú èyí, lẹ́tà kan sì ń gba àyè kan. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ti bá a lọ. Olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: iyè ni ohun tí a fi ń rántí nǹkan, ìyè ni wíwà láàyè.

3. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́

Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà, lẹ́tà K funfun yóò hàn nínú àpótí dúdú kékeré ní ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, lápá òsì. Àmì atọ́ka ni èyí. Ohun tí K ń sọ ni pé odidi ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ẹ̀rọ ń retí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ bọ́tìnì P, kì í ṣe lẹ́tà P ni yóò rí bí kò ṣe odidi ọ̀rọ̀ PRINT. Lẹ́yìn náà àmì atọ́ka yóò di L, èyí tí ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ni ó kàn. Bí ó bá wá kọ 2+2, tí ó sì tẹ NEWLINE, 4 yóò hàn lókè, 0/0 yóò sì hàn nísàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ òdo sí máàkì ẹni tí ó fìdí rẹmi lè rò pé òun ti ṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òdo àkọ́kọ́ ń sọ pé kò sí àṣìṣe. Èkejì ń sọ pé àṣẹ náà kò ní nọ́ńbà ìlà. Ó yẹ kí ìtumọ̀ Yorùbá ti sọ èyí kí àyà akẹ́kọ̀ọ́ tó já.

4. Ètò-àṣẹ

Bí àṣẹ bá ní nọ́ńbà níwájú, ẹ̀rọ kì í ṣe é lójú ẹsẹ̀. Yóò tò ó sí ìlà títí a ó fi tẹ RUN. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

10 LET A=20
20 LET B=3
30 PRINT A*B

Ìdáhùn rẹ̀ ni 60, olùkọ́ sì lè fi í rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ogún mẹ́ta ni ó di ọgọ́ta nínú òǹkà Yorùbá. Ohun tí yóò hàn nísàlẹ̀ ni 0/30, nítorí pé ìlà 30 ni iṣẹ́ parí sí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé ìlà 20, ohun tí yóò rí ni 2/30. Àṣìṣe onínọ́ńbà 2 ni pé ẹ̀rọ bá orúkọ kan pàdé tí a kò tíì fún ní iye. Ìlà 30 ni ẹ̀rọ dárúkọ, ṣùgbọ́n ìlà 20 ni àléébù wà. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí: ibi tí ẹ̀rọ ti kọsẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ṣìnà. Nítorí náà, “ìlà tí ẹ̀rọ dúró sí” sàn ju “ìlà àṣìṣe” lọ.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣini lọ́nà

PRINT: Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni “tẹ̀”, nítorí pé à ń tẹ ìwé jáde. Ṣùgbọ́n à ń tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú. Gbólóhùn bí i “tẹ P láti tẹ 4” yóò rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Yàtọ̀ sí èyí, ojú tẹlifíṣọ̀n ni PRINT ń kọ nǹkan sí. LPRINT ni ti orí ìwé. “Fi hàn” ni ó bá PRINT mu. Kí a fi “tẹ̀ sí ìwé” sílẹ̀ fún LPRINT.

SAVE: “Gbà là” jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàlà. “Fi pamọ́” lè túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan pamọ́ fún ojú ènìyàn. “Kó lọ sórí kásẹ́ẹ̀tì” ń sọ pé ètò-àṣẹ ti kúrò nínú iyè, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀. “Ṣe ẹ̀dà sórí kásẹ́ẹ̀tì” ni ó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

LOAD: Ẹni tí ó bá gbọ́ “di ẹrù” yóò rò pé òun ń fi kún ohun tí ó wà nílẹ̀ ni. Ní ti ZX81, ètò-àṣẹ tí ó ti kásẹ́ẹ̀tì wọlé ń pa èyí tí ó bá nínú iyè rẹ́. “Fi ti kásẹ́ẹ̀tì rọ́pò” ni ó yẹ.

NEW: Èyí ni ó léwu jù. Bí a bá kàn pè é ní “tuntun”, tí a sì pe NEWLINE ní “ìlà tuntun”, ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìlà lè lo èkíní dípò èkejì. NEW ń pa gbogbo ètò-àṣẹ rẹ́ láìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ wákàtí kan lè ti ibẹ̀ ṣòfò. “Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́” ni kí a pe NEW. Kí NEWLINE jẹ́ “ó parí, gbà á”.

6. Ìkádìí

Iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. A kò ta ZX81 mọ́, ṣùgbọ́n PRINT, SAVE àti NEW ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà òde òní, ìṣòro ìtumọ̀ wọn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó fọwọ́ sí irú ọ̀rọ̀-ìperí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a gbé ojú-ìwé kan tí a ti túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó jókòó ti ẹ̀rọ, kí a má sì bá a sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ bá ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà tọ́.