BÍ AWAKỌ̀ ṢE LÈ MÚ KÍ INÁ IWÁJÚ ỌKỌ̀ RẸ̀ MỌ́LẸ̀ SÍ I FÚN ÌRÌN ÒRU

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: ìdí tí ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì.
2. Bí iná iwájú ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.
3. Fífọ ojú iná àti títún wáyà ṣe.
4. Yíyan gílóòbù tó yẹ.
5. Ẹ́ẹ̀dìláàmù tó bá ọ̀nà wa mu, àti títọ́ iná sójú ọ̀nà.
6. Ìwà ọmọlúàbí àti eré sísá lóru.
7. Ìgúnlẹ̀.

Àròkọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Iná iwájú ni ọkọ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ lóru. Bí o bá dúró ní Abúlé Ẹ̀gbá ní agogo mẹ́jọ alẹ́, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ìwọ yóò gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà, òmíràn ń bọ̀ láti Sàǹgó Ọ̀tà. Láti ọdún 2017 ni afárá ti wà lórí oríta náà, láti ọdún 2020 sì ni wọ́n ti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn bọ́ọ̀sì BRT láti Òṣòdì dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ènìyàn ṣì ń fẹsẹ̀ sá sọdá, ọmọ ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ bọ̀ láti ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù tó bàjẹ́ sì lè dúró gbọnin láìsí sí-kọ́ṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí iná òpó kò bá tàn, iná ọkọ̀ nìkan ni awakọ̀ ní láti fi mọ ibi tí ènìyàn wà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló rò pé bí iná ọkọ̀ òun kò bá mọ́lẹ̀ tó, kí òun ṣáà lọ ra gílóòbù tó lágbára jùlọ ní ọjà. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lọ́tọ̀, ìríran dáadáa lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi iná tirẹ̀ fọ́ ojú ẹni tí ń bọ̀ níwájú, ara rẹ̀ ló wu léwu, nítorí ẹni tí kò ríran mọ́ ni ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ wá pàdé rẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ìmọ́lẹ̀ tí yóò hàn lójú ọ̀nà, tí kò sì ní wọ ojú ẹlòmíràn.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ó yẹ kí o mọ bí iná iwájú, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ẹ́ẹ̀dìláàmù, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe kókó nínú rẹ̀. Èkíní ni gílóòbù tí ń tàn. Èkejì ni àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tí ó sì ń dà á síwájú. Ẹ̀kẹta ni gíláàsì tàbí rọ́bà funfun tó bo ojú rẹ̀. Nínú gílóòbù H4, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, wáyà tín-ín-rín méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 fún dímù, èkejì jẹ́ wáàtì 60 fún fúlù. Lábẹ́ wáyà ti dímù, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gòkè lọ sójú ẹni tí ń bọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ́ẹ̀dìláàmù ti wọn ibi tí wáyà náà gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá yẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀ péré, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n ká, ọ̀nà yóò sì ṣókùnkùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù ń tàn yòò.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni fífọ ojú iná, nítorí òun ni owó rẹ̀ kéré jùlọ. Ojú ẹ́ẹ̀dìláàmù ọkọ̀ ìgbàlódé kì í ṣe gíláàsì mọ́. Irú rọ́bà líle kan ni. Oòrùn a máa pa á láwọ̀ dà, iyanrìn a sì máa ha á, títí tí yóò fi pọ́n bí omi ẹlẹ́rẹ̀. Bí ojú iná bá ti rí báyìí, gílóòbù tuntun kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn kan a máa fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Yóò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò tún fi pọ́n. Ohun tó dára jù ni kí a fi sáńpépà olómi ha á, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le díẹ̀, bíi 800 tàbí 1000, kí a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 2000. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìpara adán-nǹkan nù ún, a ó sì fi ìpara tí ń dá oòrùn dúró bò ó. Bí a bá fi èyí tó kẹ́yìn yìí sílẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni a ṣe. Ẹ̀wẹ̀, bí ó bá jẹ́ àwo dídán inú ni ó ti ṣú, tàbí tó ti bó, kò sí fífọ̀ tó lè tún un ṣe. Ńṣe ni kí o pààrọ̀ ẹ́ẹ̀dìláàmù náà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni títún wáyà ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná tí ń jáde láti inú bátìrì a máa gba inú súìsì tó wà lẹ́bàá sítíárì kọjá kí ó tó dé iwájú. Wáyà náà tín-ín-rín, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ìpẹtà sì ti lè mú àwọn ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, apá kan nínú agbára iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Má fojú kéré òfò yìí o. Bí ìdá 10 nínú 100 bá dín nínú fóòtì tó dé ibi gílóòbù, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni yóò bá a lọ. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ, sọ fún ríwaya kí ó ta ẹ́ńjìnì, kí ó tan iná, kí ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn fóòtì ní ibi bátìrì àti ní ẹ̀yìn gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju ìdajì fóòtì kan lọ, wáyà ni ó ń jẹ̀bi.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ríwaya fi rìléè méjì sí i, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù. Rìléè jẹ́ súìsì kékeré tí iná díẹ̀ ń darí. Súìsì inú ọkọ̀ yóò máa fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà yóò sì máa gbé iná púpọ̀ láti inú bátìrì lọ tààrà sí iwájú nínú wáyà tó nípọn. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kí wáyà má baà gbiná bí ó bá kanra. Kí ríwaya sì tún há wáyà ẹ́ẹ̀tì ara ọkọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àléébù sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó bá ṣe èyí ni yóò rí i pé kò sídìí fún òun láti ra gílóòbù mìíràn mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyan gílóòbù. Ìka tó tọ́ sí imú ni à ń fi í re imú. Bí ó bá jẹ́ wáàtì 55 àti 60 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ rẹ, má ṣe ki ti wáàtì 100 bọ̀ ọ́. Gílóòbù wáàtì 60 ń fa bíi ámúpíà 5 láti inú bátìrì onífóòtì 12. Ti wáàtì 100 ń fa ju ámúpíà 8 lọ. Ooru rẹ̀ lè yọ́ rọ́bà ẹ̀yìn gílóòbù, ó lè ba àwo dídán jẹ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí o bá ń fi gílóòbù tuntun sí i, má ṣe fi ìka lásán kan gíláàsì rẹ̀, nítorí òróró ara ìka a máa mú kí ojú kan gbóná jù lára rẹ̀, kò sì ní pẹ́ kí ó tó jó.

Gílóòbù LED àti xenon ńkọ́, tí ìmọ́lẹ̀ wọn funfun báláú, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn? Òtítọ́ ni pé ẹ́ẹ̀dìláàmù tí wọ́n ṣe fún wọn láti ilé iṣẹ́ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ki irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ bọ inú ẹ́ẹ̀dìláàmù tí wọ́n ṣe fún gílóòbù onífíláméǹtì, orísun ìmọ́lẹ̀ lè má bọ́ sí ibi tí wọ́n wọ̀n fún un. Ìwọ tó jókòó sínú ọkọ̀ yóò rò pé iná rẹ dára, nítorí ilẹ̀ iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ rekete. Síbẹ̀ ọ̀nà jíjìn ṣókùnkùn, ojú àwọn tí ń bọ̀ sì ti fọ́. Ní Jámánì, ọdún 2020 ni wọ́n tó kọ́kọ́ gba gílóòbù LED kan láàyè láti rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àwọn irú ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú wọn nìkan ni wọ́n sì gbà á láàyè fún. Bí àwọn tó gbówọ́ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ bá ṣọ́ra tó báyìí, ó yẹ kí àwa náà ṣọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn, ni kí ẹ́ẹ̀dìláàmù bá ọ̀nà wa mu. Apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a yí sí apá ọ̀tún. Àwọn ará Ìlú Ọba àti Jàpáánù ṣì ń gba apá òsì. Wọ́n ṣe dímù wọn kí ó lè gòkè díẹ̀ sí apá òsì, níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wọn ń gbà. Bí o bá ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tí wọ́n yí sítíárì rẹ̀ padà, tàbí tí o ra ẹ́ẹ̀dìláàmù àlòkù ní Ládìípọ̀ ní Muṣin, tí ó sì jẹ́ pé irú ti àwọn ìlú wọ̀nyí ni, ojú ẹni tí ń bọ̀ gan-an ni dímù rẹ yóò máa lọ, etí ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tún yóò sì ṣókùnkùn. Pípààrọ̀ gílóòbù kò lè tún èyí ṣe. Nítorí náà, kí o tó sanwó, sọ pé kí wọ́n tàn án sí ara ògiri fún ọ. Apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ dímù gbọ́dọ̀ ti gòkè.

Lẹ́yìn èyí ni kí o wá tọ́ iná sójú ọ̀nà. Wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ògiri sì wà níwájú. Rí i pé afẹ́fẹ́ táyà pé, àti pé kò sí ẹrù wúwo nínú búùtù, nítorí ẹrù ẹ̀yìn a máa gbé imú ọkọ̀ sókè. Jẹ́ kí àárín iná àti ògiri jẹ́ mítà 7.5, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 25. Wọn bí àárín gílóòbù ṣe ga sí láti ilẹ̀, kí o sì fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri ní gíga kan náà. Wá tan dímù. Etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí ìsàlẹ̀ ìlà náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yí ìdè tó wà lẹ́yìn ẹ́ẹ̀dìláàmù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sípò. Iṣẹ́ yìí kò gba ju ìdajì wákàtí lọ, àmọ́ ó lè gba ẹ̀mí là.

Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, iná tó dára kò wúlò lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, pa fúlù, kí o sì lo dímù. Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí o bá dímù fún ẹlòmíràn, òun náà yóò dímù fún ọ. Bí ó bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná rẹ bá fọ́ ojú awakọ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ó ti rin mítà 66 nínú òkùnkùn. Ta ni ó mọ ẹni tó wà nínú mítà 66 náà?

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣọ́ eré sísá. Ní irú eré kan náà, ìwé òfin ìrìnnà ti Ìlú Ọba ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ nílò mítà 53 kí ó tó lè dúró pátápátá, ìyẹn lórí ọ̀nà gbígbẹ pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Ọ̀pọ̀ dímù kò sì fi ohun tó jìnnà ju ìyẹn lọ hàn dáadáa. Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà, dín eré kù, má sì ṣe tan fúlù, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ta padà sí ojú ìwọ fúnra rẹ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ka àìní iná tó péye mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rù wọn nìkan ni yóò mú wa tún iná ọkọ̀ wa ṣe.

Ní àkótán, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fọ ojú iná, tún wáyà ṣe, ra gílóòbù tó yẹ, rí i pé ẹ́ẹ̀dìláàmù bá ọ̀nà wa mu, kí o sì tọ́ ọ sípò. Nígbà náà ni ìwọ yóò ríran, ẹni tí ń bọ̀ yóò ríran, ẹni tí ń fẹsẹ̀ sọdá náà yóò sì dé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Kíyè sí i pé ìdí tẹ̀lé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àròkọ yìí. Nínú àròkọ aṣàlàyé, kò tó kí o sọ pé "ṣe báyìí". Sọ ohun tó fà á, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é. Lo òwe níwọ̀nba, kí o sì rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ mu.