Èrè Kékeré Tí A Lè Fojú Rí

Àwọn kan ń ráhùn pé èrè Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù kéré jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. MMM ti Sergey Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ṣèlérí èlé 30 náírà lórí 100 náírà lóṣooṣù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 100,000 náírà yóò ju 2,300,000 lọ láàárín ọdún kan. Gààrí wo, epo wo l'Ókìtìpupa ló ń pa irú èrè yìí? Owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ṣáájú. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti owó mọ́ àwọn èèyàn. CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. N'Íbàdàn, àga ọ́fíìsì ni àwọn kan rí gbé.

Ìtẹ́lọ́rùn tí a ń wí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ o. Ọmọ ẹgbẹ́ yá owó, ó fi ra epo tàbí ó fi ṣe pupuru, ó tà á, ó dá owó padà pẹ̀lú èlé díẹ̀. Èlé yẹn náà la ń pín lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó rẹ̀ lọ síbòmíràn, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ìwé ìṣirò tiwa wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.