Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìlú Wà?

Ní erékùṣù Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìdúmọ̀tà, ibi tí ènìyàn lè jókòó sí láìrajà, láìtajà, kò pọ̀ mọ́, nítorí pé ilé ti fara ti ilé, ọjà sì ti gba ojú ọ̀nà. Ní Adéníji Adélé, níbi tí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 ti sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù, ojú títì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ìbéèrè nípa ẹni tó yẹ kó máa ṣàkóso ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìkan níbẹ̀: ṣé ìjọba fúnra rẹ̀ ni, tàbí ìgbìmọ̀ olómìnira, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí òfin fún lágbára láti náwó, láti gba òṣìṣẹ́, kí ó sì pinnu láìdúró de àṣẹ gómìnà tàbí kọmíṣọ́nnà?

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ jù lọ ni Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìjọba amúnisìn kọ́ síbẹ̀ ní 1882. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn tó kórìíra ìjọba náà ṣe ń bà á jẹ́, wọ́n kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885 láti tún un mọ. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wó o ní 1979, ilẹ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, fi dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà, tí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn nígbà náà ni pèpéle ńlá tí àwọn olórin àti eléré ń dúró lé lónìí, ìpìlẹ̀ àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n sì ṣì hàn nílẹ̀.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ilẹ̀ yìí, àmọ́ àwọn aládàáni tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ló ń darí rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọgbà tó wà lábẹ́ LASPARK, àjọ tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀ láti máa gbin igi àti òdòdó, kí ó sì máa tọ́jú ọgbà káàkiri ìpínlẹ̀. Àjọ náà ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n àjọ ìjọba ni. Bí èrò àwọn tó wà ní Alausa, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, bá yí padà, kò ní ohun tí yóò fi dí wọn lọ́nà.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Èkó. Pápá gbalasa ni Race Course, níbi tí àsíá Nàìjíríà ti gòkè ní 1960, ṣùgbọ́n ní 1972 ìjọba ológun mọ kọ̀ǹkéré sórí rẹ̀, ó di Tafawa Balewa Square. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ tún fi í lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, nípa àdéhùn tó jẹ́ pé ìjọba ṣì ni ilẹ̀ àmọ́ ẹlòmíràn ló ń pawó lórí rẹ̀. Ìjọba ló ni àṣẹ, ìjọba ló sì lò ó.

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ìgbìmọ̀ olómìnira sábà máa ń tọ́ka sí Central Park ní New York, tó fẹ̀ tó 843 éékà. Láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó tán lápò ìlú náà, ọgbà náà bàjẹ́ bàlùmọ̀. Ní 1980 ni wọ́n dá Central Park Conservancy sílẹ̀, àjọ tí kì í wá èrè, tó ń gba ọrẹ lọ́wọ́ ará ìlú, ní 1998 sì ni ìlú fọwọ́ sí àdéhùn tó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé e lọ́wọ́. Ìlú ṣì ni ilẹ̀, ìlú ló sì ń ṣe òfin rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn olówó ayé ló yí ọgbà náà ká. Ní Èkó, Lekki nìkan ló ní ohun tó jọ àjọ náà: Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ní ìgbìmọ̀ alágbàtọ́, ìyẹn àwọn tí òfin kà sí olùpamọ́ ohun-ìní fún àǹfààní ará ìlú, tí wọn kò lè sọ ọ́ di tiwọn. Láti 1990 ni àjọ yìí ti ń tọ́jú igbó hẹ́kítà 78 níbẹ̀, bí ilé olówó ńlá sì ti yí i ká tó, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi.

Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí ìgbìmọ̀ rí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, pẹ̀lú àṣẹ láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, láti tún ìlú tò. Ní 1955, nígbà ayé Ọba Adéníji Adélé Kejì, tó jọba láti 1949 sí 1964, tí òpópónà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó ilé lórí nǹkan bí 70 éékà láàárín erékùṣù, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá aláṣọ tí oníbàárà ń bá lẹ́nu ọ̀nà ilé di ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sọ́jà. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń gbé agboolé kan náà túká. Ìgbìmọ̀ náà mọ̀ nípa ìmọ́tótó, ó mọ̀ nípa títì tó gún, ṣùgbọ́n àwọn tó yàn án ló ń jíhìn fún, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń wó ilé wọn.

Òmìnira kúrò lọ́wọ́ gómìnà dára. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ ará àdúgbò ló léwu. Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá fẹ́ fi ìgbìmọ̀ jókòó sórí Freedom Park tàbí ọgbà mìíràn ní erékùṣù, òfin náà gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó ní àga níbẹ̀: aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, ẹni tí Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, yàn, ìyálọ́jà, ọ̀dọ́, onímọ̀ ewéko àti oníṣirò owó, kí sáà wọn má sì parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti gómìnà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó, tó le jù. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta: ìgbìmọ̀ tí ń kó owó ìwọlé lọ sápò ìjọba kò lè dá pinnu ohunkóhun, èyí tí wọ́n sì ní kó máa bọ́ ara rẹ̀ pátápátá yóò máa yá ọgbà fún ìnáwó àti agbo eré ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí àyè yọ fún òṣìṣẹ́ láti kó ọmọ jáde. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí òfin dá iye kan sílẹ̀ nínú ìṣúná ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ọgbà lọ́dọọdún, kí ó sì kọ iye ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sílẹ̀ kedere, àwọn ọjọ́ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.