Láti Mẹ̀dínà Dé Ọjà Àgbò: Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Nínú Ìsìláàmù

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan lọ sílé Ànábì Muhammad ní Mẹ̀dínà láti béèrè bó ṣe ń jọ́sìn. Ohun tí wọ́n gbọ́ kéré lójú wọn. Ọ̀kan ní gbogbo òru lòun á máa fi kírun. Èkejì ní ojoojúmọ́ lòun á máa gbààwẹ̀. Ẹ̀kẹta ní òun ò ní fẹ́yàwó láé. Nígbà tọ́rọ̀ náà détí Ànábì, kò yìn wọ́n. Ó ní òun tóun bẹ̀rù Ọlọ́run jù wọ́n lọ ń gbààwẹ̀, òun sì ń jẹun. Òun ń kírun lóru, òun sì ń sùn. Òun sì láya nílé. Ẹni tó bá kọ ìlànà òun, kò sí lára òun.

Ìtàn yìí wà nínú àkójọ hàdíìsì Bukhari àti ti Muslim.

Inú òfin ẹ̀sìn gan-an ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà. Súrà Bàkárà nínú Kùránì tó sọ ààwẹ̀ Rọ̀mọ̀dáànù di dandan náà ló yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n san án padà tó bá yá. Ẹni tí kò lè nàró kírun lè jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, tí dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀, àmọ́ tó ń ti oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí kó lè gbààwẹ̀, ti kọ àyè tí Ọlọ́run fún un.

L'Ékòó, lórí ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ti le. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní 1894, Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tó gba Ìsìláàmù, ló ṣojú Súlútáánì Tọ́kì. Ìwé tí Súlútáánì fi rán an gba àwọn Mùsùlùmí níyànjú pé kí wọ́n fọmọ sílé ìwé ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn míṣánnárì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ẹ̀rù sì ń ba òbí pé Sùlé tó wọlé lè jáde ní Solomon. Ní 1923, àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé ìwé tirẹ̀, níbi tí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rìn.

Lónìí, ẹ yà sọ́jà àgbò Kara lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá kan á di ìwo àgbò mú, á máa ná an, bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀yáwó ló wà lápò rẹ̀, nítorí kí ará àdúgbò má bàa fojú di í. Àwọn àáfáà sì ń wí i lọ́dọọdún pé ẹni tó lágbára ni wọ́n ní kó pa àgbò, gẹ́gẹ́ bí Hájì náà ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láyé fún ẹni tó bá rówó lọ.