Alásè Tí Ìtìjú Lé Dé Ẹ̀bá Títì

Ní Atakpamé, lójú títì ńlá tó gba Lomé lọ sí àríwá Tógò, alásè kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìṣojú àwọn awakọ̀ tó ń kẹ́rù lọ Burkina Faso ni wọ́n ti ń gún fùfú, ìṣojú wọn náà ni wọ́n ti ń bu ayimolou, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, oníbàárà á sọ ọ́ kó tó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó tán níbẹ̀.

Ti Carl Casper kò tán bọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá alásè inú fíìmù Chef, tí Jon Favreau kọ, tó darí, tó sì ṣeré nínú rẹ̀ lọ́dún 2014. Ọ̀gá tó gba Carl síṣẹ́ ní Los Angeles kò jẹ́ kó se nǹkan tuntun, Ramsey Michel, tó ń tọ́ oúnjẹ wò kó lè kọ̀wé lé e lórí, sì bẹnu àtẹ́ lu ohun tó gbé kalẹ̀. Carl bú u lórí Twitter. Ó ṣe bí àwọn méjèèjì nìkan ló máa rí i. Nígbà tí iṣẹ́ tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà wá jágbe mọ́ Ramsey láàárín àwọn tó ń jẹun. Fídíò rẹ̀ gba ìlú kan.

Inez, tí òun àti Carl ti kọ ara wọn sílẹ̀, ló mú un lọ Miami. Ibẹ̀ ló ti rí ògbólógbòó ọkọ̀ kan gbà, ó tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran bíi ti àwọn ará Cuba. Òun, Martin ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Percy ọmọ rẹ̀ wà á gba New Orleans àti Austin padà sí Los Angeles. Twitter tó tú bàbá fó náà ni ọmọ fi ń pe èrò. Ọkọ̀ yìí gbé Carl dé ipò tí olóúnjẹ Atakpamé ti wà tipẹ́: ẹni tó ń jẹun ń wò ó lójú.

Roy Choi, tó kọ́ Favreau níṣẹ́ alásè fún fíìmù náà, kò gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Seoul ni wọ́n bí i sí ní 1970. Ó ti ṣe ọ̀gá alásè ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá rí, àmọ́ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2008. Kí ọdún náà tó parí, òun àti Mark Manguera ti gbé ọkọ̀ Kogi jáde: ẹran tí wọ́n sè bíi ti Kòríà, tí wọ́n dì sínú búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ ti àwọn ará Mẹ́síkò. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n wà sórí Twitter, èrò á tò lóru. Ní 2010, ìwé ìròyìn Food & Wine kà á mọ́ àwọn alásè tuntun tó pegedé jù lọ́dún náà.

Ìfẹ́ inú fíìmù náà wá ńkọ́? Favreau kò kánjú sí i. Inez kò tètè padà sílé ọkọ. Ọkùnrin tí kì í ráyè fún ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló rí tó ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Ilé oúnjẹ tuntun tí Carl ń darí ni wọ́n ti tún ṣe ìgbéyàwó. Ramsey, ẹni tó ba Carl jẹ́, ló sì fowó sí ilé oúnjẹ náà. Ibẹ̀ yẹn ló ṣòroó gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ìtàn náà.