Alárinà Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Kí olùwádìí kan já wọ ọjà Bódìjà n’Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni: “Ta ló rán yín wá? Ṣé ẹ ti rí Ìyálọ́jà?” Àwọn mìíràn á tilẹ̀ fura pé òṣìṣẹ́ káńsù ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń kọ́kọ́ kí Ìyálọ́jà, kó tó wá kan àwọn olórí ẹgbẹ́: aláta lọ́tọ̀, elélùbọ́ lọ́tọ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti fọwọ́ sí i, ara á tu ọjà.

Wàhálà wá kù síbì kan. Bí olùwádìí bá ní kí Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí ẹgbẹ́ kan, kó ogún èèyàn wá, àwọn tí yóò pè ni àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ déédéé, tí ẹnu wọn sì dá ṣáṣá. Obìnrin tó ń gbé igbá ata kiri, tí kò ní ìsọ̀, kò ní sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èrè ojúmọ́ ni wọ́n ń wádìí, ó ṣeé ṣe kí iye tí wọn yóò rí ga ju bó ṣe rí lọ. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ pè, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò ṣe? Ìyọ̀ǹda olórí kì í ṣe ìyọ̀ǹda ẹni tó jókòó sí ìsọ̀.

Lójú tèmi, kí Ìyálọ́jà àtàwọn olórí ẹgbẹ́ ṣílẹ̀kùn ti tó. Kí wọ́n má yan èèyàn. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ máa ka ìsọ̀, bó bá di ìkẹwàá, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ dúró de àwọn akiri lẹ́nu ọ̀nà ọjà.

Àwọn kan tún wà tí kò lólórí, tí wọ́n sì ń fara pamọ́, bí àwọn tó ń gún oògùn olóró sára. Ní 1997, Douglas Heckathorn, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọgbọ́n kan tó sọ àwọn olùkópa gan-an di alárinà. Ẹni tó bá dáhùn tán gba owó díẹ̀ àti káàdì mẹ́ta péré, kó pín in fún ojúgbà rẹ̀. Bí ojúgbà bá mú káàdì dé, ẹni tó fún un tún gba owó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún olùwádìí; ẹni tó bá wù ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Wọ́n á sì bi olúkúlùkù pé ojúgbà mélòó ló ní, torí pé káàdì tètè ń kan ẹni tó lẹ́ni púpọ̀, wọ́n sì ní láti ro ìyẹn mọ́ ìṣirò.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé olórí yín ló ní kí ẹ dáhùn, ẹ bi í bóyá ẹ lè kọ̀. Bí kò bá lè fèsì tààrà, ẹ máa bá ọjà yín lọ.